Ọkọ̀ ojú irin oní-díẹ́sẹ̀lì ti 1958: kí la ó kọ́kọ́ tún ṣe nínú rẹ̀, báwo la sì ṣe ń wà á?

Àkànní Derby

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Nígbà tí à ń sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn níbí lóṣù tó kọjá, àwọn mélòó kan ní kí n ṣàlàyé iṣẹ́ tí mo máa ń lọ ṣe lọ́jọọjọ́ Sátidé. Mo ní kí ọ̀rọ̀ náà ní àyè tirẹ̀, torí èmi náà ní ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ọ̀pọ̀ ojú irin ni wọ́n tì pa láyé ọjọ́un, pàápàá lẹ́yìn ìwé àbọ̀ tí Richard Beeching, ọ̀gá rélùwéè ìjọba nígbà náà, gbé jáde ní 1963. Àwọn ará àdúgbò kan kò gbà kí tiwọn kú. Wọ́n dáwó jọ, wọ́n ra ojú irin àti ibùdókọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń wa ọkọ̀ lórí rẹ̀ fúnra wọn títí dòní. Àwọn ti Talyllyn ní Wales ló lànà náà ní 1951. Ọ̀fẹ́ là ń ṣe é. Olùkọ́ wà nínú wa, nọ́ọ̀sì wà, àgbà tó ti fẹ̀yìn tì wà, àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ogún ọdún náà wà níbẹ̀.

Ọkọ̀ kan tí wọ́n ṣe ní Gloucester ní 1958 ni ẹgbẹ́ tèmi ń tún ṣe. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, kò sí lókò tó ń fà á. Ẹ́ńjìnnì méjì tí ilé iṣẹ́ AEC ṣe, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní agbára ẹṣin 150, ni wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ sábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, níbi tí èrò ń gbé ẹsẹ̀ lé. Yàrá awakọ̀ wà lórí, ó wà nídìí, nítorí náà kò sídìí láti yí ọkọ̀ padà bó bá dé ìparí ọ̀nà: awakọ̀ á kàn rìn kọjá láàárín àwọn èrò lọ sí òdìkejì. Èrò 65 ló ń jókòó nínú rẹ̀. "Bubble car" ni àwọn Òyìnbó ń pè é.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí. Ìta gbangba ni ọkọ̀ náà ti dúró fún ọdún gbọọrọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Òjò ti gba etí òrùlé wọlé, ilẹ̀ yàrá gáàdì (òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó èrò inú ọkọ̀) ti jẹrà, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ti dógùn-ún débi pé bí ẹ bá fi ìka tì í, ìka á wọlé. Owó tó wà lápò ẹgbẹ́ kò lè ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Apá kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí á kùn ún ní àwọ̀ ewé tó wọ̀ jáde ní ọdún tí wọ́n ṣe é, kí á rán àga, kí á gbé e síwájú ibùdókọ̀ kí àlejò rí i kí wọ́n sì dáwó. Apá kejì, níbi tí mo wà, ní kí á dí ojú òjò ná, kí á bọ́ sí bíréèkì, kí á bọ́ sí ẹ́ńjìnnì àti gíà, kí ọkọ̀ tètè máa rìn, bí aṣọ àga rẹ̀ tilẹ̀ ṣì ya. Kí ni ẹ̀yin rí sí i?

Títí Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o, bùọ̀dá Àkànní. Ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Nígbà tí a kó àwọn ọmọ lọ sí irú rélùwéè bẹ́ẹ̀ nígbà ọlidé, èyí tó ń tú èéfín tó ń fọn fèrè ni gbogbo èèyàn ń sáré lọ bá. Ta ló fẹ́ sanwó nítorí díẹ́sẹ̀lì? Ṣebí bí bọ́ọ̀sì ló máa rí?

Àkànní Derby

Àǹtí Títí, ìbéèrè yẹn náà ni wọ́n ń bi wá nínú ìpàdé.

Lókò oníèédú dára, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó gbéra ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti wà nídìí ààrò rẹ̀ láti ìdájí. Bí ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá báyìí ni wọ́n ń tú ìkòkò omi rẹ̀ palẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, owó ńlá sì ni. Èédú fúnra rẹ̀ ti di ìṣòro. Wọ́n ti ibi ìwakùsà Ffos-y-fran ní Wales ní ìparí oṣù kọkànlá 2023, láti ìgbà náà òkè òkun ni ọ̀pọ̀ èédú tí à ń jó ti ń gba orí omi wá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó le, ìpáǹpá iná tó ń fò jáde lẹ́nu rẹ̀ lè jó oko olóko lẹ́bàá ọ̀nà, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ rélùwéè fi máa ń gbé lókò oníèédú jókòó lásìkò bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo ọjọ́ Túsìdé kan nínú oṣù kọkànlá, tí òjò ń pa, tí èrò kò ju ogún lọ. Bí a bá dáná sí lókò ńlá nítorí wọn, a ti jẹ gbèsè. Ọkọ̀ oní-díẹ́sẹ̀lì ní tirẹ̀, awakọ̀ kan àti gáàdì kan ti tó o. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ tan án, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kún táǹkì, ó ti ṣe tán láti lọ.

Ohun kan ṣì wà tí lókò kò lè fún yín láéláé. Gíláàsì ni wọ́n fi pín yàrá awakọ̀ níyà. Ẹni tó bá jókòó sí àga iwájú ń wo ojú irin bó ṣe ń bọ̀, ó ń wo sìgìnà bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń wo ọwọ́ awakọ̀. Ẹ kó àwọn ọmọ wá, kí ẹ jókòó síbẹ̀, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá bí bọ́ọ̀sì ló rí.

Mẹkáníìkì Mókọ́lá

Ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín láti Ìbàdàn. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti ṣiṣẹ́ ní Leyland Nigeria níbí rí, nítorí náà orúkọ AEC kò ṣàjèjì sí mi. Leyland ra AEC ní 1962, ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n dùbúlẹ̀ sábẹ́ ilẹ̀ bọ́ọ̀sì, mo ti tú irú rẹ̀ rí. Ìnira ibẹ̀ ni pé ẹ gbọ́dọ̀ wọ inú kòtò kí ẹ tó rí i.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú mi. Kí ló dé tí ẹ fi fẹ́ dìrọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún? Ẹ yọ ọ́. Ẹ ra tuntun kan tó kéré tó sì lágbára jù ú lọ, ẹ fi gíà ọ̀tọ́mátíìkì sí i, kí ẹ sinmi. Lọ́dọ̀ wa níbí, bí ọkọ̀ bá ti ń da ọ́ìlì tí sípéà páàtì rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́, a kì í bá a jìjàdù. À ń pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ni, iṣẹ́ ajé kò sì dúró.

Bàbá Lókò

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Fítà ni mo ṣe nínú wọ́kṣọ́ọ̀bù rélùwéè ní Ẹ̀bútè-Mẹ́ta títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí.

Àkànní, apá tí o wà ló tọ̀nà. Bí ẹ bá kun ọ̀dà lé ìpẹtà, ẹ ti dì báńdéèjì mọ́ ojú ọgbẹ́ tí ẹ kò wẹ̀ nìyẹn. Láàárín ọdún méjì, ọ̀dà á wú, á bọ́, owó àlejò á sì ti ṣòfò. Òjò kò bá ẹnì kankan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Ẹ gun orí òrùlé lọ. Ẹ wo gọ́tà, ẹ wo ibi tí páànù méjì ti pàdé, ẹ wo abẹ́ fèrèsé iwájú, torí ibẹ̀ ni omi ń sápamọ́ sí. Ibi tí ẹ bá rí ihò kan, ẹ gé irin títí ẹ ó fi dé ibi tó mọ́, kí ẹ tó jó tuntun mọ́ ọn. Ẹ má lẹ ìlẹ̀mọ́ rárá.

Ìbéèrè mi nìyí, mo sì fẹ́ kí o dáhùn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé dírílì sún mọ́ ọkọ̀ yẹn. Kí ló wà nínú ògiri rẹ̀? Láyé ìgbà náà, àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì aláwọ̀ búlúù ni wọ́n ń fọ́n sáàárín páànù ìta àti ti inú kí ooru àti ariwo má baà wọlé. Eruku rẹ̀ ń pa ni. Ẹni tó fà á símú lónìí lè má ṣàìsàn títí ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n ọdún, kó tó di pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Mo ti sin àwọn ọ̀rẹ́ tí a jọ ṣiṣẹ́ tí wọ́n fi ikọ́ kú, tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ti fà símú.

Àkànní Derby

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ohun àkọ́kọ́ tí a béèrè kí á tó sanwó ọkọ̀ náà nìyẹn. Àwọn tó ní ìwé àṣẹ ti yọ ọ́ kúrò nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wa. Síbẹ̀ a tún gbé ẹlòmíì wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ yìí ni wọ́n fọ́ túútúú torí pé owó tí wọ́n máa fi yọ àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì ju iye ọkọ̀ lọ. Ní ilẹ̀ yìí, wọ́n ti fòfin de ti búlúù láti 1985, wọ́n sì fòfin de gbogbo rẹ̀ pátá ní 1999. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ àtijọ́, kó má gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́ lórí èyí.

Mẹkáníìkì, àbúrò mi, ọ̀rọ̀ rẹ ní ìtumọ̀ fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ jẹun. Jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí a kò fi ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Kò sí okùn tàbí ọ̀pá láàárín ọwọ́ awakọ̀ àti ẹ́ńjìnnì. Iná mànàmáná ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, afẹ́fẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́. Awakọ̀ fa ọwọ́ gíà sí èkejì, iná ṣí fáàfù, afẹ́fẹ́ ti gíà wọlé lábẹ́ ọkọ̀. Nítorí pé iná ló ń gbé ọ̀rọ̀ náà, ẹ lè so ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, kí awakọ̀ kan ṣoṣo máa darí gbogbo ẹ́ńjìnnì wọn láti iwájú. Àmì onígun mẹ́rin aláwọ̀ búlúù tó wà lójú wọn ló ń fi hàn pé wọ́n gbọ́ èdè ara wọn. Bí a bá fi ẹ́ńjìnnì àti gíà tuntun sí tiwa, tiwa di odi láàárín àwọn yòókù. Nígbà tí èrò bá pọ̀, a kò ní lè so ó mọ́ òmíràn.

Ti sípéà páàtì, kò burú tó bẹ́ẹ̀. Gíà Wilson ni, àwọn Self-Changing Gears ní Coventry ló ṣe é. Irú iṣẹ́ yìí kan náà ló wà nínú bọ́ọ̀sì pupa ìlú London ayé ìgbà yẹn: ẹ́ńjìnnì AEC, ọ́ìlì tó ń yí láàárín ìlàjì àwo méjì dípò kílọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà gíà tí bẹ́líìtì irin ń há ìlù rẹ̀ mú. Àwọn tó ń tọ́jú bọ́ọ̀sì àtijọ́ mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ẹgbẹ́ bíi tiwa káàkiri ilẹ̀ yìí ń ta páàtì fún ara wọn, wọ́n ń yá ara wọn ní irinṣẹ́.

Ohun kan tún wà, èmi kò sì tijú láti sọ ọ́. Ìró rẹ̀ wà lára ohun tí à ń tọ́jú. Bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe ń ké sókè nínú gíà kìíní, tó dákẹ́ díẹ̀ bí awakọ̀ ṣe dín iná kù, tó tún wá gbé ohùn nísàlẹ̀ nínú gíà kejì, àwọn tó fi ọkọ̀ yẹn lọ sílé ẹ̀kọ́ ń dá a mọ̀ kó tó yọ sí wọn.

Mẹkáníìkì Mókọ́lá

Ó yé mi wàyí, ẹ̀gbọ́n. Ti ọ̀rọ̀ iná àti afẹ́fẹ́ yẹn ni n kò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe ń lọ sẹ́yìn? Ṣé inú gíà náà ni rìfáàsì wà?

Àkànní Derby

Rárá o, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Gíà ní ìpele mẹ́rin, iwájú nìkan ló mọ̀. Orí áásù ni ìyípadà sí iwájú tàbí sí ẹ̀yìn wà, nínú àpótí kan tí ọ̀pá láti inú gíà wọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń ti eyín irin kan sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ń yí áásù kan ṣoṣo, èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún lára bógì tirẹ̀, ìyẹn férémù tó gbé àwọn àgbá ẹsẹ̀ ọkọ̀. Áásù tòde kàn ń tẹ̀ lé e ni.

Bí ẹ bá ti yí ọwọ́ pé ẹ fẹ́ lọ síwájú, iná kékeré gbọ́dọ̀ tàn fún áásù kọ̀ọ̀kan níwájú awakọ̀. Bí ọ̀kan kò bá tàn, ẹ kò gbọdọ̀ fún un níná rárá. Ó lè jẹ́ pé eyín irin náà ti há sí ọ̀nà ẹ̀yìn. Bí ẹ́ńjìnnì kejì bá wá fa ọkọ̀ síwájú, àgbá ń yí áásù yẹn lódì sí ọ̀nà tí wọ́n há a sí, gíà àti ọ̀pá rẹ̀ lè fọ́ yángá. Páàtì tó wọ́n jù lọ lábẹ́ ọkọ̀ náà nìyẹn. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, kó wọ abẹ́ ọkọ̀, kó fi píìnì dá áásù náà dúró sí àárín, kó wá fi ẹ́ńjìnnì kan lọ sílé. Tí àwọn ọ̀dọ́ bá ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, èyí ni mo kọ́kọ́ ń mú wọn ṣe, nínú ṣẹ́ẹ̀dì, tí ọwọ́ wọn yóò fi mọ ibi tí píìnì wà nínú òkùnkùn.

Láyí Leeds

Mo kí gbogbo ilé. Gáàdì ni mí ní rélùwéè kan ní apá àríwá níbí.

Mo fẹ́ ta ko bùọ̀dá Àkànní àti Bàbá díẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ òrùlé jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń dáwó fún gọ́tà? Àwọn tó ń fún wa lówó kì í wọ inú kòtò wò. Bí ọkọ̀ náà bá wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì títí iṣẹ́ abẹ́ rẹ̀ fi parí, ọdún ń lọ, orúkọ rẹ̀ ń parẹ́ lẹ́nu èèyàn, owó ń gbẹ. Mo ti rí ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ní kí á kùn ún kì í ṣe ọ̀tá ọkọ̀ náà.

Ẹ tún rántí pé irú ọkọ̀ kékeré yìí kì í ṣe àfikún lásán nínú ìtàn wa. Nígbà tí rélùwéè Keighley and Worth Valley tún ṣí ní oṣù kẹfà 1968, wọ́n ní ọkọ̀ kéékèèké méjì tí wọ́n ṣe ní Jámánì ní 1958. Márùn-ún péré ni wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́rin ṣì wà lónìí. Àwọn ará àdúgbò fi wọ́n lọ ra ọjà. Rélùwéè tó ń gbé ará ìlú lọ sọ́jà, ará ìlú á gbèjà rẹ̀.

Bàbá Lókò

Láyí, mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí owó bá wọlé nítorí ọ̀dà, tí àlejò kan sì bọ́ sí orí àga tuntun tí omi ń kán sí i lórí, kí ni yóò sọ nígbà tó bá délé?

Mo rí ọ̀nà kan. Ẹ má fi iṣẹ́ pamọ́. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ṣẹ́ẹ̀dì, ẹ fi okùn pààlà síbi tí ojú lè tó iṣẹ́ tí ọwọ́ kò lè tó o, kí ẹnì kan dúró tó lè ṣàlàyé. Nígbà tí wọ́n bá ń tú ẹ́ńjìnnì ní Ẹ̀bútè-Mẹ́ta, àwọn ọmọ ilé ìwé tí olùkọ́ wọn bá kó wá kì í fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ẹ gbé píísìtìnì kan sórí tábìlì, kí ọmọdé gbé e wò kó rí bó ṣe wúwo tó. Bàbá rẹ̀ á dáwó.

Láyí Leeds

Bàbá, èyí wọ̀ mí. Mo fara mọ́ ọn, bí wọ́n bá lè rí ẹni tí yóò máa ṣàlàyé náà. Iṣẹ́ ni ìyẹn fúnra rẹ̀.

Ọmọ Òṣogbo

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, mo ń ka èyí láti ilé. Ìlú tí rélùwéè dé ní 1907 ni wọ́n bí mi sí, àwọn òbí mi àgbà ń sọ pé ọkọ̀ ojú irin ni àwọn fi ń ka wákàtí. Ǹjẹ́ irú nǹkan báyìí lè ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa? Tàbí kí á ra ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ yìí wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

Bàbá Lókò

Ti rírà wá yẹn kò ní ṣe é ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ojú irin wa àtijọ́ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti íńṣì mẹ́fà, tiwọn fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021 bá tiwọn dọ́gba ní fífẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà iṣẹ́ ni, kì í ṣe ibi tí ọkọ̀ àtijọ́ ti lè máa rọra rìn.

Ohun ìní tiwa wà. Láti 1896 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú irin láti Èkó, ó ṣí títí dé Ìbàdàn ní 1901, ó so Èkó pọ̀ mọ́ Kano ní 1912. Ní Ẹ̀bútè-Mẹ́ta, ilé tí wọ́n ń pè ní Jaekel House, tí wọ́n kọ́ ní 1898, ti rí àtúnṣe láti ọwọ́ ẹgbẹ́ Legacy tó ń tọ́jú ilé àtijọ́, wọ́n sì kó àwọn ohun èlò rélùwéè síbẹ̀ kí èèyàn lè wá wò ó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, inú mi dùn gan-an ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú gíláàsì, ojú nìkan ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Bí a bá rí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ń rìn, kí ó tilẹ̀ má ju máìlì méjì lọ, àwọn ọ̀dọ́ yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ọwọ́ àwa tó mọ̀ ọ́n ti ń gbọ̀n. Ẹ tètè wá gbà á lọ́wọ́ wa.

Ọmọ Òṣogbo, bí o bá ń wá sí Èkó, jẹ́ kí n mọ̀ níbí. Àwa mélòó kan tí a jọ fẹ̀yìn tì ṣì máa ń pàdé.

Ọmọ Òṣogbo

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. N ó wá lẹ́yìn ìdánwò mi, n ó sì mú ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ dání, bí ẹ bá gbà fún mi.

Bàbá Lókò

Mo gbà. Mú ìwé tí a lè yàwòrán sí dání pẹ̀lú, torí àwòrán ni mo máa fi ṣàlàyé bíréèkì fún ọ.

Títí Peckham

Ẹ ti jẹ́ kí n nífẹ̀ẹ́ sí nǹkan tí n kò ronú kàn rí. Bùọ̀dá Àkànní, báwo ló ṣe rí láti wà á? Ọmọbìnrin mi àgbà ló ní kí n béèrè, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni.

Àkànní Derby

Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí, kí ẹ sọ fún un pé obìnrin wà lára àwọn awakọ̀ wa.

Kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ gbọ́dọ̀ rìn yí i ká, kí ẹ wọ kòtò. Ẹ yẹ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wò, ẹ yẹ ti gíà wò, ẹ yẹ omi wò, ẹ wo fáńbẹ́lìtì, ẹ fi ọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù bíréèkì lẹ́nu àgbá kọ̀ọ̀kan. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì kìíní, ẹ tan èkejì. Ẹ dúró kí afẹ́fẹ́ tó ń ti gíà kún.

Bíréèkì rẹ̀ kò rí bíi ti tírélà. Ẹ̀rọ kan tí ẹ́ńjìnnì ń yí ló ń fa afẹ́fẹ́ jáde kúrò nínú páìpù tó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá. Nígbà tí géèjì tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe jáde tó bá dúró sí íńṣì 21, bíréèkì ti tú. Awakọ̀ tó fẹ́ dúró á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìta wọlé díẹ̀díẹ̀, bíréèkì á sì máa di àgbá mú. Bí páìpù bá já, afẹ́fẹ́ á rọ́ wọlé fúnra rẹ̀, ọkọ̀ á dúró. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn púpọ̀: ohunkóhun tó bá bàjẹ́ ń dá ọkọ̀ dúró ni, kì í tú u sílẹ̀.

Gáàdì lu aago méjì, ìyẹn ni pé ó yá. Awakọ̀ dá a lóhùn pẹ̀lú méjì. Ẹyọ kan túmọ̀ sí dúró, mẹ́ta sì ni pé kí ẹ sún sẹ́yìn. Ọwọ́ òsì wà lórí ọwọ́ iná, ìyẹn èyí tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní díẹ́sẹ̀lì, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà gbogbo. Bí awakọ̀ bá dákú tí ọwọ́ rẹ̀ ṣí kúrò, ọkọ̀ á pa iná, á sì di bíréèkì. Ẹ fi sí gíà kìíní, ẹ fún un níná sí ìpele àkọ́kọ́, ọ́ìlì inú àwo á gbé ọkọ̀ láìsí ìfàyà kankan. Ẹ fún un sí i. Bó bá tó máìlì 15 ní wákàtí kan, ẹ dá iná padà pátápátá, ẹ sinmi díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì sọ̀ kalẹ̀, ẹ fa gíà sí èkejì, ẹ tún fún un níná. Ìsinmi yẹn ni iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá kánjú, ọkọ̀ á ta gìrì, bẹ́líìtì inú gíà á sì máa jẹ.

Òfin àwọn rélùwéè bíi tiwa kì í jẹ́ kí á kọjá máìlì 25 ní wákàtí kan, nítorí náà gíà kẹrin kò níṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ẹ má retí pé ẹ́ńjìnnì yóò di ọkọ̀ mú bíi ti mọ́tò. Ohun kan wà láàárín tó ń jẹ́ kí àgbá sáré ju ẹ́ńjìnnì lọ láìfà á. Bíréèkì nìkan ló kù fún yín, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó kí ẹ tó dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Mẹkáníìkì Mókọ́lá

Ẹ̀gbọ́n, ohun kan láti ọ̀dọ̀ mi. Ẹ má jẹ́ kí àwọn awakọ̀ yín fi ẹ́ńjìnnì yẹn sílẹ̀ kó máa rọra dún ní ibùdókọ̀ fún ìdajì wákàtí. Kò ní gbóná tó, díẹ́sẹ̀lì tí kò jó tán á máa ṣàn sínú ọ́ìlì, ẹnu ìtú-èéfín á máa da dúdú. Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn. Bí bátìrì bá dára, kò sí ìṣòro. Ẹ tún wo síìlì àwo ọ́ìlì yẹn dáadáa nígbà tí ẹ bá sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Ẹni tó bá ti sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ tí kò pààrọ̀ síìlì nígbà tí ọwọ́ tó o, ó ti fi iṣẹ́ kan náà pamọ́ de ara rẹ̀.

Àkànní Derby

O ṣeun, àbúrò. Ti bátìrì yẹn, fóòtì 24 ni, a sì ti ń fi ṣájà sí i lára nígbà òtútù.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi àbọ̀ jẹ́ yín. Ìgbìmọ̀ ṣe ìpàdé lánàá. Mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá Lókò lórí ṣẹ́ẹ̀dì fún wọn, mo túmọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn sí gbólóhùn, ẹni tó jẹ́ olórí àwọn tó fẹ́ ọ̀dà ló kọ́kọ́ ní òun fara mọ́ ọn. Òrùlé, gọ́tà àti abẹ́ fèrèsé iwájú ló máa ṣáájú. Lẹ́yìn náà a ó gbé ọkọ̀ sókè, a ó yọ ẹ́ńjìnnì kan, a ó fi èkejì sílẹ̀ kí á lè máa fi í sún ọkọ̀ nínú ọgbà. Àlejò á máa wọlé wá wò wá lọ́jọ́ Sátidé láàárín aago mọ́kànlá sí mẹ́ta, Láyí sì ti kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀ pé òun yóò wá ràn wá lọ́wọ́ pẹ̀lú àlàyé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀dà kù sẹ́yìn, àfi pírámà tí yóò bo irin tuntun.

Mẹkáníìkì, nígbà tí a bá ṣí gíà náà, n ó ya àwòrán bẹ́líìtì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n ó fi sí ibí. Bá mi fi wọ́n wé èyí tí ọ̀gá rẹ tú rí, kí o sọ èyí tó yẹ kí á pààrọ̀. Bàbá, mo ní ìbéèrè kan lórí búlọ́ọ̀kù bíréèkì tó ń jẹ ẹ̀gbẹ́ kan ju ìkejì lọ ní àgbá kẹta. Ṣé àgbá ni kí n fura sí, tàbí ọ̀pá tó ń tì í?

Bàbá Lókò

Ọ̀pá ni. Wo píìnì àti búṣì tó gbé e rọ̀. Bí búṣì bá ti jẹ, búlọ́ọ̀kù á máa dagun. Yọ píìnì náà, wọ̀n ọ́n ní òkè, ní àárín àti ní ìsàlẹ̀, kí o kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbí fún mi.